Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin, rọ́bà méjì: bí a ṣe tún ẹsẹ̀ Camry ẹ̀gbọ́n mi ṣe nínú ọgbà ilé

Toyota Camry 2004 ni mọ́tò náà, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Big Daddy, ẹ́ńjìnnì 2.4, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ín. Apẹ̀tẹ̀ ló ń gbé n'Íbàdàn níbí, ọjà Bódìjà ló sì ti ń ta ẹ̀wà, gàrí àti ìrẹsì, torí náà búùtù mọ́tò yẹn kì í sábà ṣófo, ẹni tó bá sì mọ ojú ọ̀nà àdúgbò yẹn nígbà òjò á ti mọ irú ìyà tí ẹsẹ̀ mọ́tò náà ń jẹ kí n tó ṣàlàyé rárá.

Ohun mẹ́ta ló ń ṣe é. Tó bá já sí kòtò, pàápàá tó bá rọra ń lọ, ẹsẹ̀ iwájú á dún gbì. Tó bá gun bọ́ǹpù, á bẹ̀rẹ̀ sí jó sókè sílẹ̀, kò sì ní tètè dúró. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá wá tẹ búréèkì lójijì, imú mọ́tò á dojú bolẹ̀, ìdí á gbéra, gbogbo ohun tó wà nínú búùtù á sún wá síwájú. Èyí tó ń bí i nínú jù ni pé owó ti jáde lórí ẹsẹ̀ yìí kan náà, kò sì tíì pẹ́. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n ní àwọn ti ṣe é o, wọ́n ní ó ti le dáadáa báyìí." Lóòótọ́ ni, ó ti le. Ibi tó ti le yẹn gan-an ni wàhálà wà.

Ohun tí mẹkáníìkì tó ṣe é tẹ́lẹ̀ ṣe ni pé, ìdí mọ́tò ti ń wọlẹ̀ nítorí ẹrù, ó wá ki rọ́bà bọ àárín sípíríǹgì ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, àwọn rọ́bà roboto tí wọ́n ń tà káàkiri yẹn, kí mọ́tò lè dìde. Ó sì dìde. Ó tún fi tòkunbọ̀ rọ́pò ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o, ohun tí oníbàárà bèèrè ló ṣe, wọ́n ní ìdí mọ́tò ti wọlẹ̀, kó bá àwọn gbé e dìde, ó bá wọn gbé e dìde. Àmọ́ iṣẹ́ sípíríǹgì ọ̀tọ̀, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀, àwọn èèyàn sì ń náwó sórí ọ̀kan nígbà tó jẹ́ pé èkejì ló ti kú, mo ti rí i lára mọ́tò tó pọ̀.

Sípíríǹgì ló ń gbé mọ́tò. Gbogbo ìwúwo Camry yẹn, tó lé ní 1,400 kílò kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú ẹ̀, orí sípíríǹgì mẹ́rin ló jókòó lé. Tí táyà bá kọlu nǹkan, sípíríǹgì á sún kì, á gba ipá yẹn sára, àmọ́ kì í gbé e mì, á fẹ́ dá a padà ni, tí kò bá sì sí ohun tó máa dá a lẹ́kun, á tì yín sókè, ẹ ó já wálẹ̀, á tún tì yín sókè. Ṣọ́ọ̀kì ló ń dá a lẹ́kun. Ṣọ́ọ̀kì kì í gbé mọ́tò, kódà tó bá kú pátápátá, gíga mọ́tò ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìdí nìyẹn téèyàn fi lè máa wa òkú ṣọ́ọ̀kì kiri fún ìgbà pípẹ́ kó má mọ̀. Ọ́ìlì ló wà nínú ẹ̀, àti pístìn kan tó ní àwọn ihò tín-ín-tín pẹ̀lú fálùfù. Bí ọ̀pá bá ń wọlé tó ń jáde, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ fipá gba inú ihò yẹn kọjá, bí ìgbà téèyàn ń ti omi jáde látinú síríńjì, béèyàn bá ṣe ń yára tì í tó ni á ṣe máa le síi tó. Agbára tí sípíríǹgì fẹ́ fi jó á di ooru nínú ọ́ìlì, ooru á gba ara páìpù jáde, ó tán. Ẹ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn téèyàn bá ti rin ọ̀nà tí kò dáa, ẹ ó rí i pé ó gbóná.

Ẹ wá wo ohun tí rọ́bà ṣe. Rọ́bà tó wà láàárín ìká méjì, ìyẹn ibi tí irin sípíríǹgì ti ká yípo, ò jẹ́ kí àwọn ìká yẹn sún mọ́ra wọn mọ́, ó túmọ̀ sí pé sípíríǹgì tó ń ṣiṣẹ́ ti kúrú sí ti tẹ́lẹ̀, ó ti le, ó ń fi agbára tó pọ̀ jù tì padà. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tó yẹ kó dá agbára yẹn lẹ́kun sì ni èyí tó ti bá mọ́tò wá láti Amẹ́ríkà, tó ti gbó. Wọ́n fún sípíríǹgì lágbára sí i, wọn ò fún ẹni tó ń dì í mú ní nǹkan kan. Ijó á wá burú sí i ni, ó sì burú sí i lóòótọ́.

Kí n tó ní kí wọ́n ra ohunkóhun, mo kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo èèyàn ló mọ ti pé kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun mọ́tò mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì fi í sílẹ̀: tó bá dìde tó sì dúró, ó dáa, tó bá ń mì lọ, ó ti kú. Ó wúlò, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e jù, torí ọwọ́ èèyàn ò lè yára tẹ mọ́tò bí kòtò ṣe ń ṣe é, ṣọ́ọ̀kì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó lè yege nínú ìdánwò yẹn. Lára Camry yìí, igun iwájú òsì ò tiẹ̀ díbọ́n, ó ń mì ni. Mo wá yí sítíárìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ara ṣọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá rí ọ̀rinrin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lókè, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ọ̀pá máa ń gbé ọ́ìlì díẹ̀ jáde. Tí ọ́ìlì bá ti ṣàn dé ìsàlẹ̀, tí yẹ̀pẹ̀ ti wá lẹ̀ mọ́ ọn tó nípọn, ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Bí ti òsì ṣe rí nìyẹn. Ti ọ̀tún ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Mo rí ìdí ẹ̀ pẹ̀lú. Dust cover ò sí níbẹ̀, ìyẹn rọ́bà tó máa ń bo ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, bump stopper, ìyẹn rọ́bà kékeré tó máa ń gba ọ̀pá tó bá wọlé dé òpin, náà ò sí, nígbà tí wọ́n ń de tòkunbọ̀ yẹn wọ́n kàn fi wọ́n sílẹ̀ ni. Ọ̀pá tó ń dán yẹn ti wà ní ìhòòhò, iyanrìn ń bà lé e, bó bá ṣe ń wọlé ló ń fi iyanrìn họ sílì, ìyẹn rọ́bà tó ń há ọ́ìlì mọ́ inú, ọ́ìlì bá ọ̀nà jáde. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń sọ pé dust cover kì í ṣe nǹkan gidi, pé fáàrí ni. Irọ́ ni o. Lójú ọ̀nà tiwa yìí, òun ló ń pa ṣọ́ọ̀kì mọ́.

Táyà náà sọ ti ẹ̀. Ẹ fọwọ́ ra ara táyà yípo, tó bá ń wọnú tó ń yọ lábẹ́ ìka yín lójú ibi púpọ̀, táyà yẹn ti ń fò lórí ilẹ̀ ni, ó ń balẹ̀ lójú kan ó ń fo ojú kejì. Táyà iwájú méjèèjì ti jẹ bẹ́ẹ̀.

Ti ariwo gbì yẹn, mi ò gbà pé ṣọ́ọ̀kì nìkan ni. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú mọ́tò kó máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì láì tan mọ́tò, èmi fọwọ́ lé sípíríǹgì: tí bíárìn inú mounting, ìyẹn ìjókòó tó so orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara mọ́tò, bá ti kú, sípíríǹgì á dì, á wá fò lójijì lábẹ́ ọwọ́ yín. Ó fò ní òsì. Lẹ́yìn náà mo di linkage stabilizer mú, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ irin tí kì í jẹ́ kí mọ́tò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà, mo mì í, ó ń ṣe kẹ́kẹ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Tẹ́ ẹ bá ra ṣọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ fi linkage tó ti gbó sílẹ̀, ariwo yẹn á ṣì wà, ẹ ó wá máa sọ pé ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n tà fún yín ò dáa.

A lọ sí Agodi Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Níbẹ̀, wọ́n á fún yín ní mẹ́ta: tòkunbọ̀ complete, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì tó ṣì gbé sípíríǹgì àti mounting rù bí wọ́n ṣe tú u lára mọ́tò, tòkunbọ̀ ṣọ́ọ̀kì nìkan, àti tuntun. Complete wu ẹ̀gbọ́n mi, owó ẹ̀ wálẹ̀, èèyàn ò sì nílò láti tú sípíríǹgì. Àwọn tó wà ní Houston pàápàá, irú ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń rà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é fúnra wọn nínú gáràjì ilé, àmọ́ tuntun ni tiwọn, inú páálí ló ti ń wá. Tòkunbọ̀ ṣọ́ọ̀kì ni mi ò fara mọ́. Oníṣọ́ọ̀bù á tẹ ọ̀pá wọlé níwájú yín, ọ̀pá á rọra jáde padà, á ní ẹ rí i, ó ṣì lágbára. Gáàsì ló ń ti ọ̀pá yẹn jáde, náítrójìn tí wọ́n fi há ọ́ìlì mọ́ inú kó má bàa yọ fóòmù, kò sì sọ nǹkan kan fún yín nípa fálùfù. Tẹ́ ẹ bá máa dán an wò, ẹ fà á jáde, kó le láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì já ní ibì kankan, torí fífà yẹn ló ń dá mọ́tò dúró tó bá fẹ́ fò sókè. Síbẹ̀, ẹ ò lè rí inú ẹ̀, ọdún mélòó ló ti lò ní Amẹ́ríkà lórí òjò dídì àti iyọ̀ ojú ọ̀nà, ta ló mọ̀.

Sípíríǹgì tòkunbọ̀ ni mo lè gbà. Irin ni, ojú lẹ fi ń rí i, ẹ gbé méjèèjì dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wọn gíga wọn, ẹ wò bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ohun tí a wá rà nìyí: ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin ti KYB, ìyẹn Kayaba bí àwọn àgbà mẹkáníìkì ṣì ṣe ń pè é, mounting iwájú tuntun méjì, dust cover àti bump stopper fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, linkage iwájú méjì, àti sípíríǹgì ẹ̀yìn méjì, tòkunbọ̀, látara mọ́tò kan náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé páálí nìkan, ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ṣọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi wé ti mọ́tò yín, ti ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì nítorí ibi tí wọ́n jó irin tó ń di wáyà ABS, ìyẹn ti búréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, àti họ́ọ̀sì búréèkì mú mọ́. Méjì méjì la sì máa ń pààrọ̀ wọn. Tí tuntun bá wà lápá kan, tí ògbólógbòó wà lápá kejì, mọ́tò á máa fà tó bá tẹ búréèkì lójú ọ̀nà tí kò tẹ́.

Kí n sọ ìdí tí iṣẹ́ yìí ò fi rí bíi ti Hilux. Lára Hilux, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọ̀tọ̀, ewé sípíríǹgì ọ̀tọ̀, ẹ tú bóòtù lókè nísàlẹ̀, ó bọ́ọ́lẹ̀. Camry ò rí bẹ́ẹ̀, strut ni, ṣọ́ọ̀kì gba àárín sípíríǹgì kọjá, òun fúnra ẹ̀ ló tún ń di táyà mú lóòró. Earle MacPherson ló ṣètò rẹ̀ báyìí, ọmọ Amẹ́ríkà, inú mọ́tò kékeré kan tí Chevrolet ń múra sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n pa iṣẹ́ yẹn tì ní 1947, ó bá kó lọ sí Ford, tó fi di pé Ford Consul àti Zephyr gbé e jáde ní Britain ní 1950. Kì í gba àyè púpọ̀ lábẹ́ mọ́tò, ó dín owó kù, ìdí nìyẹn tó fi wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré lónìí. Àmọ́ ó fi nǹkan méjì dá wa lóró: ẹ ò lè pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì láì fọwọ́ kan sípíríǹgì, ẹ ò sì lè tú u láì da alignment rú, ìyẹn bí táyà ṣe dúró tó sì dojú kọ ọ̀nà.

Ọgbà ilé ẹ̀gbọ́n mi ni sìmẹ́ńtì, ó tẹ́, ibẹ̀ la ti ṣe é. Lórí yẹ̀pẹ̀, mi ò bá ní kó gbé e lọ síbòmíràn. Hándì búréèkì lókè, òkúta ńlá lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, a tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀díẹ̀ kí a tó gbé jáàkì, sípánà 21. Mo yá stand méjì, irin tó máa ń gbé mọ́tò dúró, lọ́wọ́ fọkanáísà àdúgbò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbé búlọ́ọ̀kù wá. Mo ní kó dá a padà. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́, ó lè gbé mọ́tò fún wákàtí kan kó sì wó lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi orí yín sábẹ́ mọ́tò tó wà lórí búlọ́ọ̀kù, ẹ má sì fi sábẹ́ èyí tó wà lórí jáàkì nìkan. Táyà tí a yọ náà, abẹ́ mọ́tò la tì í sí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú la ti fọ́n WD-40, ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà, sí gbogbo nọ́ọ̀tì, ìyẹn sì ràn wá lọ́wọ́. Wáyà ABS àti họ́ọ̀sì búréèkì ló kọ́kọ́ kúrò lára ṣọ́ọ̀kì. Linkage tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀tì rẹ̀ máa ń fẹ́ yí pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ fi allen key di àárín ẹ̀ mú, ti apá ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀, fáìlì la fi gé e, ó ṣáà ti di ẹrù ààtàn. Lẹ́yìn náà ni bóòtù ńlá méjì tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ knuckle, ìyẹn irin ńlá tó gbé ìdí táyà àti búréèkì rù, nọ́ọ̀tì 22, páìpù gígùn la fi bọ orí sípánà kó tó gbọ́. Kí a tó tú u, mo fi kun funfun sàmì sí ibi tí knuckle àti ṣọ́ọ̀kì ti pàdé, torí ihò yẹn fẹ̀ díẹ̀ ju bóòtù lọ, ìyẹn nìkan ti tó láti jẹ́ kí orí táyà dà sínú tàbí síta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan mìíràn jẹ́ nìyí: tí bóòtù méjèèjì bá ti jáde, knuckle á fẹ́ ṣubú síta pẹ̀lú gbogbo ìwúwo búréèkì lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbà fún un, á fa họ́ọ̀sì búréèkì, á sì lè fa shaft, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà, yọ nínú jọ́ìntì ẹ̀ ti inú. Wáyà la fi so ó mọ́ ara mọ́tò. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà 14, wọ́n gbẹ̀yìn; ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ṣọ́ọ̀kì mú nísàlẹ̀ kí ẹnìkejì tó tú èyí tó kẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má fọwọ́ kàn án lórí mọ́tò, ẹ má tiẹ̀ wò ó. Òun ló há sípíríǹgì mọ́lẹ̀.

A wá dé ọ̀dọ̀ sípíríǹgì. Strut tí ẹ bá gbé sílẹ̀ yẹn dákẹ́ sójú kan, ó dà bíi pé kò lè pa ẹnikẹ́ni, àmọ́ ipá tó wà nínú sípíríǹgì yẹn, tó bá jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè fọ́ àgbọ̀n, ó lè fọ́ agbárí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi okùn àti ṣéènì dì í, ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jẹ́ ká kàn fi okùn dì í, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, kó lọ wo eyín àwọn kan lára wọn.

Spring compressor la lò, irin méjì tí èèyàn ń yí bíi bóòtù, tó ní ìkọ́ lókè nísàlẹ̀, tó ń há sípíríǹgì mọ́ra. Ọ̀kan lápá kan, èkejì ní ọ̀kánkán rẹ̀ gan-an, kí ìkọ́ wọn jìnnà síra tó bí sípíríǹgì bá ṣe gbà, kí wọ́n sì gbá ìká mú dáadáa. Ẹ fi gírísì pa ara irin tí nọ́ọ̀tì ń yí lé náà. Ẹ fún ọ̀kan díẹ̀, ẹ lọ sí èkejì, díẹ̀ sí i, ẹ padà, ẹ má jẹ́ kí apá kan ṣáájú, torí tí sípíríǹgì bá tẹ̀ bí ọrun, ìkọ́ á yọ̀. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, ẹ má lo ìbọn afẹ́fẹ́ tí fọkanáísà fi ń tú nọ́ọ̀tì. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́, kí orí strut má dojú kọ yín, kó má dojú kọ ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ sí ọmọdé nínú ọgbà. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wá wòran, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé." Ó wọlé, ó ń wo wá láti ojú fèrèsé. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé sípíríǹgì ti fi ìjókòó ẹ̀ sílẹ̀, tí mounting ń ṣí lọ ṣí bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán, ìgbà yẹn nìkan ni nọ́ọ̀tì àárín tó lè tú.

Bí mounting òsì ṣe jáde, bíárìn inú ẹ̀ ti di ìpẹtà, ó ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ tí mo bá yí i. Sípíríǹgì iwájú ṣì dáa, gíga méjèèjì dọ́gba, a dá wọn padà.

Ṣọ́ọ̀kì tuntun, ẹ gbé e dúró lóòró kẹ́ ẹ máa tẹ ọ̀pá ẹ̀ wọlé kẹ́ ẹ máa fà á jáde títí tó máa fi rin gééré láì já, afẹ́fẹ́ tó ti gba ibi tí kò yẹ nígbà tó dùbúlẹ̀ nínú páálí á padà sípò. Ẹ má fi plier di ọ̀pá yẹn mú láéláé. Ojú kan tí eyín plier bá họ, ibẹ̀ ni á ti máa gé sílì, owó yín ti lọ. Bump stopper wọlé, dust cover wọlé, sípíríǹgì jókòó, ẹ yí i títí orí ìká ìsàlẹ̀ á fi kan àtẹ̀gùn kékeré tó wà nínú ìjókòó ẹ̀. Mo ti fi kun sàmì sí ojú tí ìjókòó òkè kọ kí n tó tú u, bó ṣe wà náà la ṣe dá a padà, ó ní ojú tó gbọ́dọ̀ kọ síta. Nọ́ọ̀tì àárín tuntun, ká tó rọra tú compressor, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí a ṣe fún un.

Ìdápadà ò le. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta òkè kọ́kọ́ wọlé láì fún un tán, knuckle gòkè, bóòtù méjì wọlé, àmì kun pàdé àmì kun. Mo fi torque wrench, sípánà tó ń wọn bí a ṣe fún bóòtù tó, fún bóòtù ńlá yẹn dé 210 Nm, nọ́ọ̀tì táyà dé 103 Nm nígbà tí táyà ti balẹ̀. Ẹni tí kò ní torque wrench ẹ yá a, ti bóòtù ìsàlẹ̀ yẹn le ju bí ọwọ́ lásán ṣe máa ń rò lọ. Linkage tuntun wọlé, ó parí níwájú.

Ti ẹ̀yìn, iṣẹ́ àga ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àga ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jáde, pátákó tó wà lẹ́yìn orí àga náà gbọ́dọ̀ ṣí, kí ẹ tó rí nọ́ọ̀tì mẹ́ta òkè. Owó ẹyọ, ẹ̀wà àti bíírò ló kún abẹ́ àga yẹn. Ìyókù bákan náà pẹ̀lú iwájú, àyàfi pé nígbà tí a yọ rọ́bà kúrò, a rí i pé iyanrìn tó há sábẹ́ ẹ̀ ti họ kun sípíríǹgì kúrò yípo, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́. Ibi tó bá ti jẹ irin báyẹn ni sípíríǹgì ti máa ń ṣẹ́.

Bí a ṣe sọ mọ́tò kalẹ̀ ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yí mọ́tò po, ó ní, "Ó ti kúrú!" Mo ní kò kúrú, bí Toyota ṣe ṣe é nìyẹn, rọ́bà ló ti ń gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kò gbà. Lójú ẹ̀, mọ́tò tó ga ni mọ́tò tí ẹsẹ̀ ẹ̀ lágbára, ó sì ti sanwó, mọ́tò wá relẹ̀. Mi ò jiyàn, mo ní kó bọ́ sí ìdí sítíárìn. A gba ọ̀nà Apẹ̀tẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Poly Ìbàdàn, bọ́ǹpù àkọ́kọ́, mọ́tò gùn ún, ó sọ̀, ó dúró. Kò sọ̀rọ̀. Kòtò, kò sí gbì. Ó tẹ búréèkì lójijì láì sọ fún mi, ó fẹ́ mọ̀ bóyá imú á tún tẹríba, imú sún mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Nígbà tí a padà délé, ó ní ó dáa, àmọ́ tí òun bá di àpò ẹ̀wà mẹ́ta sí i ńkọ́?

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹrù sì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Àpò ẹ̀wà kan ní Bódìjà lè tó 100 kílò. Mẹ́ta nínú búùtù, òun fúnra ẹ̀, ọmọ tó ń bá a tajà àti ẹnì kan sí i, gbogbo ìyẹn ti kọjá òpin ohun tí wọ́n ṣe Camry láti gbé, ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ sì kó sí. Kò sí ṣọ́ọ̀kì tó máa gbé e, torí ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ẹrù. A fẹnu kò pé àpò méjì ló máa máa wọ búùtù, ọjọ́ tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á pe kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. Rọ́bà méjì yẹn, ó ní ká má jù wọ́n nù. Mo gbé wọn fún un.

Ọjọ́ kejì ló gbé e lọ fún alignment, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ torí a ti tú knuckle. Àmì kun yẹn ṣiṣẹ́, camber, ìyẹn bí orí táyà ṣe dà sínú tàbí síta, ò jìnnà, toe iwájú, ìyẹn bí imú táyà méjèèjì ṣe dojú kọ iwájú, ló jáde díẹ̀, wọ́n dá a padà. Ohun tó kù ni táyà iwájú méjèèjì. Wọ́n ṣì ń hó lójú ọ̀nà márosẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe jẹ, kò sì sí ṣọ́ọ̀kì tó lè dá ara táyà tó ti jẹ padà, títí tó fi máa rówó ra tuntun, ariwo yẹn ló máa máa gbọ́.